La Face de Bellevarde

La Face de Bellevarde jẹ́ ọ̀nà ìdíje síkì (eré fífi pákó gígùn méjì tí a so mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí òjò dídì) ní ìlú Val d'Isère, ní àgbègbè Savoie ní ìlà-oòrùn Faransé, níbi tí àwọn òkè Alps ti sún mọ́ ààlà Itálíà. La Face ni wọ́n sábà máa ń gé orúkọ rẹ̀ sí. Orúkọ náà bá a mu: ojú òkè Rocher de Bellevarde gan-an ni, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìlú. Ẹni tó bá dúró nígboro tó gbójú sókè, òun ni yóò rí.

Ṣóńṣó òkè náà ga ní mítà 2,827 láti ìtẹ́jú òkun. Val d'Isère tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀ rárá, nítorí òun náà wà ní nǹkan bí mítà 1,850. Eléré tó bá gbéra lókè téńté yóò ti sọ̀ kalẹ̀ ju mítà 900 lọ kó tó kan òpin eré. Níbi tí òkè náà ti dà gẹ̀rẹ́ jù, ó tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún: bí èèyàn bá sún síwájú ní mítà 100, yóò já wálẹ̀ ní mítà 70. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń sàmì sí bí ọ̀nà síkì ṣe le tó ní Faransé, dúdú ló sì le jù. Dúdú ni La Face.

Bí wọ́n ṣe la ọ̀nà náà

Bernhard Russi, ọmọ Switzerland tó gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù Òlíḿpíìkì nínú eré ìsọ̀kalẹ̀ (eré síkì tó yára jù) ní Sapporo ní 1972, ló la ọ̀nà yìí fún Ìdíje Òlíḿpíìkì Ìgbà Òtútù ti Albertville ní 1992. Jean-Claude Killy, tó dàgbà ní Val d'Isère tó sì gba góòlù mẹ́ta ní Grenoble ní 1968, wà lára àwọn méjì tó ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó gbàlejò ìdíje náà. Ọ̀nà tí Russi là kún fún kọ́nà. Inú àwọn eléré tó gbẹ́kẹ̀ lé yíyọ̀ tààrà kò dùn sí i, wọ́n ní kọ́nà náà ti pọ̀ jù fún eré ìsọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè tó dà tó báyìí, bí eléré bá gbà á tààrà, kò sí ohun tí yóò dá a dúró.

Patrick Ortlieb ti Austria, tí kò tíì gba ipò kìíní rí nínú Ife Àgbáyé (ọ̀wọ́ ìdíje síkì tó ń wáyé lọ́dọọdún), ló borí nínú eré ìsọ̀kalẹ̀ ọdún náà. Ìdá 5 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá péré ló fi ṣáájú Franck Piccard ti Faransé. Lórí òkè yìí kan náà ni Alberto Tomba ti Itálíà ti gba góòlù sílálọ̀mù ńlá (eré tí eléré ti ń yí gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọ̀pá) lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn èyí tó gbà ní Calgary ní 1988. Sílálọ̀mù gan-an, tí ọ̀pá rẹ̀ sún mọ́ra ju ti sílálọ̀mù ńlá lọ, kò wáyé níbẹ̀ lọ́dún náà, Les Menuires ni wọ́n gbé e lọ.

Sílálọ̀mù lórí La Face

Lẹ́yìn náà ni sílálọ̀mù wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, òun ló sì fi bí òkè náà ṣe le tó hàn jù lọ. Apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lò. Òfin àjọ síkì àgbáyé, FIS, ní kí ìsọ̀kalẹ̀ sílálọ̀mù ọkùnrin nínú ìdíje ńlá wà láàárín mítà 180 sí 220. Iye ìgbà tí eléré yóò yí padà gbọ́dọ̀ tó ìdá 30 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ìsọ̀kalẹ̀ yẹn. Bí ìsọ̀kalẹ̀ bá jẹ́ mítà 200, a jẹ́ pé yóò yí padà ní nǹkan bí ìgbà 60 sí 70, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìyípadà kan kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Ọ̀pá ni wọ́n fi ń sàmì ibi tí eléré yóò gbà. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà ṣeé tẹ̀, nítorí náà eléré á fi ọwọ́ àti ojúgun tó ti fi ààbò bò gbá a dànù kó lè sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ọ̀pá á sì tún nàró padà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì àti síkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ tó tọ́. Bí ọ̀pá bá bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, eré rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Lórí ilẹ̀ tó rọra dà, ẹni tó bá pẹ́ díẹ̀ níbi ọ̀pá kan lè tún un ṣe níbi èyí tó tẹ̀ lé e. La Face kì í gba irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Eléré gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí kó tó dé ọ̀pá. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òkè á fà á sísàlẹ̀ ju ibi tó yẹ kó wà lọ, ọ̀pá kejì á tún bá a níbi tó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, títí yóò fi ṣìnà pátápátá. Èyí ló fà á tí ẹni tó ń ṣáájú fi lè pàdánù gbogbo rẹ̀ ní ọ̀pá mẹ́ta péré.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe òjò dídì fúlẹ́fúlẹ́ tí a máa ń rí nínú àwòrán. Wọ́n máa ń fi páìpù fín omi wọ inú òjò dídì náà kó lè dì gan-in títí wọ inú. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, síkì àwọn tó kọ́kọ́ sáré á gbẹ́ kòtò sí i, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì jìyà rẹ̀. Yìnyín líle ló ń dín ìrẹ́jẹ yẹn kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sáré, wọ́n á sì tún ọ̀pá rì lákọ̀tun fún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nínú Ife Àgbáyé, ọgbọ̀n eléré tó ṣe dáadáa jù ló ń padà wá, ẹni tó ṣe ipò 30 ló ń kọ́kọ́ gbéra, ẹni àkọ́kọ́ á sì kẹ́yìn.

Àwọn ìdíje

Ní 2009, gbogbo eré àwọn ọkùnrin nínú Ìdíje Àgbáyé (tó yàtọ̀ sí Ife Àgbáyé) ló wáyé lórí La Face. Manfred Pranger ti Austria gba sílálọ̀mù, Julien Lizeroux ti Faransé ṣe ìkejì. Eré ìsọ̀kalẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ John Kucera ti Kánádà, ẹni tí òun náà kò tíì gba eré ìsọ̀kalẹ̀ Ife Àgbáyé kankan rí.

Lọ́dọọdún, ní oṣù Kejìlá, Critérium de la Première Neige ló ń kó àwọn eléré wá síbẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìdíje òjò dídì àkọ́kọ́, 1955 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀, ṣáájú kí Ife Àgbáyé fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Níbẹ̀ ni Marcel Hirscher ti Austria ti kọ́kọ́ borí nínú Ife Àgbáyé, nínú sílálọ̀mù ńlá oṣù Kejìlá 2009. Ní 2021, Clément Noël, ọmọ ẹgbẹ́ síkì Val d'Isère, gba sílálọ̀mù níwájú àwọn ará ilé. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Beijing.

Bí kò bá sí ìdíje, ẹnikẹ́ni tó bá mọ síkì dáadáa lè gba La Face. Ẹni tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀nà Verte láti òkè kan náà. Àwọ̀ ewé ni tirẹ̀, ó sì rọra ń yí lọ sísàlẹ̀ títí dé La Daille, àdúgbò kan ní Val d'Isère.