Ibi tí Shinsekai Yori gbé ìdáhùn rẹ̀ sí

Àwọn tó bá wo Shinsekai Yori, eré àwòrán Japan (anime) kan, tán sábà máa ń ṣàròyé kan náà: wọ́n ní apá 25, tó kẹ́yìn, ṣàdédé já lù wọ́n ni, pé wọ́n fi àṣírí náà pamọ́ títí eré fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ̀sùn yìí kò tọ́. Láti apá 4 ni ìdáhùn ti wà nílẹ̀, ó sì jáde ní kedere láti ẹnu ẹ̀rọ kan tí kò ní ìdí láti purọ́. Bí wọ́n ṣe gbé e sí gbangba tí ojú fi fò ó ni àlàyé yìí dá lé. Ẹni tí kò tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ mọ òpin rẹ̀, kó dúró níbí.

Ìwé Yusuke Kishi ni anime yìí ti wá. Ìwé náà jáde ní Japan ní 2008, ilé iṣẹ́ A-1 Pictures sì sọ ọ́ di apá 25 tí wọ́n fi hàn láti oṣù Kẹsàn-án 2012 dé oṣù Kẹta 2013. Ọdún 1000 lẹ́yìn ayé tiwa ni. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Kamisu 66 wà lẹ́bàá odò Tone, ní agbègbè tí a ń pè ní Ibaraki lónìí, okùn mímọ́ sì yí i ká. Gbogbo àgbàlagbà ibẹ̀ ló lè fi èrò ọkàn nìkan gbé nǹkan, kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n sì sun ún. Saki ni a ń tẹ̀ lé: ọmọ ọdún 12 ni ní apá 1 sí 7, ọdún 14 ní 8 sí 16, ọdún 26 ní 17 sí 25. Òun náà ló ń sọ ìtàn, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí.

Àlọ́ àpamọ̀ ló sún mọ́ ọgbọ́n tí wọ́n lò jù. Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Ọmọrogùn ni. Ẹ wo ohun tí apàlọ́ ṣe: kò purọ́ kankan. Omi ń hó lóòótọ́, nǹkan kan sì ti orí bọ inú rẹ̀ lóòótọ́. Orúkọ nìkan ló yí padà. Ó pe ìkòkò ní òkun, ó pe igi ní ọmọ, gbogbo ẹni tó ń gbọ́ sì kọjú sí etíkun, wọ́n ń wá ọmọ aláìgbọràn tí omi fẹ́ gbé lọ. Ààrò wà lẹ́yìn wọn, omi ń hó lórí rẹ̀, ìyá àgbà ń rokà, ọmọrogùn ń dún lára ìkòkò, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ já irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò ìmọ̀ tuntun. Kó yọ orúkọ kúrò lára nǹkan ni, kó wá wo ohun tí nǹkan náà ń ṣe.

Ní apá 4, Saki àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ẹranko ajeji kan nínú igbó. Kì í ṣe ẹranko. Ilé ìkàwé tó ń rìn ni, ẹ̀ka Tsukuba ti ilé ìkàwé ìjọba Japan àtijọ́, ó sì dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi í. Ó ní nígbà tí agbára èrò ọkàn kọ́kọ́ yọjú, ìdá 0.3 péré nínú 100 aráyé ló ní in. Ìpànìyàn bẹ̀rẹ̀, ogun tẹ̀ lé e, ayé àtijọ́ wó. Àwọn alágbára wá di ọba, wọ́n sì ń fi àwọn tí kò ní agbára ṣe ẹrú fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Níkẹyìn, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wá ọ̀nà kí àwọn ènìyàn má bàa máa pa ẹlẹ́gbẹ́ wọn mọ́: wọ́n yí jíìnì àwọn alágbára padà, wọ́n fi àgádágodo sí wọn lára. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi agbára rẹ̀ kọlu ènìyàn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò dá iṣẹ́ kíndìnrín àti àwọn ẹṣẹ́ kan dúró. Àyà á kọ́kọ́ máa já a, òógùn á bò ó. Bí kò bá ṣíwọ́, gìrì á mú un, ọkàn rẹ̀ á sì dákẹ́.

Ibí gan-an ni òkun ti ń hó. Ìbéèrè méjì ló yẹ kó jáde lẹ́nu wa. Àkọ́kọ́: ibo ni àwọn ẹrú wọ̀nyẹn wà? Ilé ìkàwé dárúkọ wọn, kò sì sọ pé wọ́n kú tán, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ọ̀kan nínú wọn ní Kamisu 66. Èkejì: báwo ni àgádágodo náà ṣe mọ ẹni tó jẹ́ ènìyàn? Kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ohun tí ọkàn apànìyàn bá gbà pé ó rí ló ń lò. Bí ọkàn bá ní ènìyàn nìyí, ó tì. Bí ọkàn bá ní ẹranko ni, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ ro ewu tó wà níbẹ̀ fún àwọn alágbára. Wọn ò lè pa aláìlágbára mọ́, nítorí ènìyàn ni. Aláìlágbára ní tirẹ̀ kò ní àgádágodo lára, ìbọn kan péré sì tó o. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí àgádágodo kò fi ní tì: kí aláìlágbára má jọ ènìyàn mọ́.

Kí ló wá dé tí a ò fi bi ìbéèrè wọ̀nyẹn? Nítorí pé wọ́n ti fún wa ní àlọ́ mìíràn tó ń dẹ́rù bani jù. Àwọn ọmọ kíláàsì ń pòórá. Reiko, tí agbára rẹ̀ kò dára tó, kò padà wá mọ́, kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Shun, ọ̀rẹ́ Saki, kú ní apá 10, wọ́n sì fi orúkọ ọmọkùnrin mìíràn dí àyè rẹ̀ nínú ìrántí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyẹn gba gbogbo ọkàn wa. Lẹ́yìn náà Tomiko, olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àkóso, obìnrin tó ti lo ọdún 267 láyé, jókòó ti Saki, ó sì jẹ́wọ́: ìlú ń bẹ̀rù akki, ẹni tí àgádágodo kò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 kò tíì ní ẹ̀tọ́ ènìyàn. Wọ́n lè pa á. Ìdáhùn yẹn burú tó bẹ́ẹ̀ tí olùwòran fi rò pé àlọ́ ti tán. Ọgbọ́n tó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà nìyí: wọ́n já àlọ́ kékeré níwájú wa kí a má bàa rántí pé ńlá ṣì wà nílẹ̀.

Àwọn bakenezumi sì ń kọjá níwájú wa ní gbogbo ìgbà yẹn. Eku tó ń rìn lẹ́sẹ̀ méjì, ara wọn hunjọ, ayaba kan ló ń bímọ fún gbogbo agbo. Ẹ yọ orúkọ "eku" kúrò. Wọ́n ń sọ èdè Japan. Wọ́n ń pe àwọn ará ìlú ní ọlọ́run, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń san owó orí nípa iṣẹ́ ọwọ́. Squealer, tí wọ́n wá fún ní orúkọ oyè Yakomaru, ti ń fi kọnkéré kọ́lé nígbà tí Saki wà lọ́mọ ọdún 14, ó sì ti gbé ìgbìmọ̀ aṣojú kalẹ̀. Ó rí irú ilé ìkàwé tó ń rìn yẹn kan mú fún ara rẹ̀. Òun bi ìbéèrè tí àwa kò bi.

Apá 24 fi àgádágodo náà hàn lẹ́nu iṣẹ́. Akki tó ń pa àwọn ará ìlú nínú ogun tí Yakomaru gbé dìde sí wọn kì í ṣe akki rárá. Ọmọ Maria àti Mamoru, àwọn ọ̀rẹ́ Saki, ni, Yakomaru ló tọ́ ọ dàgbà láàrin eku, eku ló sì gbà pé òun jẹ́. Àgádágodo ara rẹ̀ pé pérépéré. Eku nìkan ló ń tì mọ́. Ìdí nìyí tí Kiroumaru, ọ̀gágun eku, fi fi aṣọ bo ara rẹ̀ bí ènìyàn, tó jẹ́ kí ọmọ náà pa òun. Aṣọ ṣí, ọmọ náà rí ẹni tó pa, ọkàn tirẹ̀ náà sì dúró. Òfin inú apá 4 ni, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi kún un.

Àléébù kan wà ní apá 25. Satoru, ọ̀rẹ́ Saki, yẹ jíìnì bakenezumi wò, ó rí krómósómù (àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé jíìnì) méjì-méjì lọ́nà 23, bíi ti ènìyàn, nígbà tí eku ìhòòhò inú ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n fi jíìnì rẹ̀ sọ àwọn ẹrú aláìlágbára àtijọ́ di bakenezumi, ní 30. Ẹ̀rí náà dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù, ó sì fún àwọn tó ń ṣàròyé ní àwáwí láti sọ pé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Nílé ẹjọ́, ṣáájú ẹ̀rí yẹn, wọ́n ti bi Squealer pé kí ni ó jẹ́. Ó ní ènìyàn ni òun. Gbogbo èrò ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.