Merit, catchment, ELDS: ìlú bàbá ta ni wọ́n ń kà?

Okun o, gbogbo ilé. Ìyá kan láti Ìyàmoyè, ní ìpínlẹ̀ Kogi wa níbí, gbé fóònù wá bá mi ní Kàbà lọ́jọ́ kan, ó ní kí n bá òun wo máàkì ọmọ òun. 238 lọmọ gbà ní JAMB, Nursing ló fẹ́, ilé ìwé tó fi ṣe first choice ò sì dá a lóhùn. Ìyá ní, "Ṣebí 150 ni JAMB ní kí wọ́n gbà? Kí ni wọ́n tún fẹ́ kí ọmọ mi ṣe, kó gun orí igi?" Mo rẹ́rìn-ín àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò yé ọ̀pọ̀ nínú wa, àti àwọn tó ti jáde yunifásítì pàápàá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tú u.

150 tí JAMB sọ ní 2025 yẹn, ẹnubodè lásán ni. Ẹni tí ò bá gbà tó bẹ́ẹ̀ kó má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn yunifásítì, òun nìtumọ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá wá kọjá ẹnubodè ṣì máa bá àwọn tó kù du ìjókòó, ibẹ̀ ni merit, catchment àti ELDS ti ń ṣiṣẹ́.

Ká ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan fẹ́ mú ọmọ 100 fún Nursing. Ìlànà ni pé 45 jẹ́ ti merit, wọ́n á to orúkọ gbogbo ọmọ látorí ẹni tó gba máàkì jù wá sísàlẹ̀, Kano lo ti wá ni o, Ìbàdàn ni o, kò kàn wọ́n, àwọn 45 tó wà lókè ti wọlé nìyẹn. 35 jẹ́ ti catchment, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kọ mọ́ ilé ìwé náà, tó sábà máa ń jẹ́ àwọn tó wà nítòsí ẹ̀. 20 tó kù ni ELDS (educationally less developed states), àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba ní ẹ̀kọ́ ò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ẹ má bínú o, Kogi wà níbẹ̀. Kwara náà wà níbẹ̀.

Inú máa ń bí àwọn àgbà wa tí wọ́n bá gbọ́ eléyìí. Yàgbà ti Kogi kẹ̀? Ẹ̀gbẹ̀ tí àwọn míṣọ́nnárì SIM ti dé láti 1908? Èmi náà bínú nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, ohun tó sì tún dá kún un fún mi ni cut-off common entrance tí ìjọba àpapọ̀ yẹn náà gbé jáde ní 2013 fún àwọn unity school, ìyẹn àwọn sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba àpapọ̀. Kogi 119, Èkìtì 119, ọmọkùnrin Zamfara ní tiẹ̀, 4. Mẹ́rin o, mi ò ṣì í kọ. Ìyẹn ni pé tọ́mọ Kogi bá fẹ́ wọ JS1, òun àti ọmọ Èkìtì dọ́gba, tó bá wá di pé ó fẹ́ wọ yunifásítì, ó ti di ẹni tí ẹ̀kọ́ ò rinlẹ̀ nílùú ẹ̀. Ọ̀nà wo ló gbà?

Ẹ jẹ́ ká fi Ìyàmoyè àti Òmùò-Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ, ojú títì kan náà ni, iṣu kan náà là ń jẹ, a sì ń fẹ́ ọmọ ara wa. Tí ọmọ méjèèjì bá kọ OAU, yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọn ò sì wọlé pẹ̀lú merit, ti Òmùò á bọ́ sí catchment torí Èkìtì wà nínú ẹ̀, ti Ìyàmoyè á bọ́ sí ELDS. Ẹ má sì rò pé ELDS yẹn jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìpínlẹ̀ tó lé ní ogún ló ń du ìjókòó 20 yẹn, ọmọ Kogi àti Kwara tó mọ̀wé sì pọ̀ níbẹ̀ bíi yanrìn.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Nǹkan tí wọ́n ń wò láti mọ̀ bóyá o jẹ́ ELDS ni ìlú bàbá ẹ, wọn ò wo ibi tó o ti kàwé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n bí ní Surulere, tó lọ private school tó ní lab àti AC, tó ń gba lẹ́sìn nílé, Kogi ló máa kọ sí fọ́ọ̀mù, òun náà ELDS ni. Ọmọ Ìsánlú tí tísà Physics wọn ò wá látìgbà tí táàmù ti bẹ̀rẹ̀, Kogi náà ni. Ìjókòó kan náà làwọn méjèèjì ń dù, ẹ̀yin ẹ sọ ẹni tó máa gbà á.

Àwọn Amẹ́ríkà náà ń fa ọ̀rọ̀ yìí, tiwọn ò kàn ní nọ́ńbà. Ní 1978, ọdún tí wọ́n dá JAMB sílẹ̀ níbí gan-an, Supreme Court wọn dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bakke, tó wáyé torí pé ilé ìwé ìṣègùn kan ní California ya ìjókòó 16 sọ́tọ̀ nínú 100 fún àwọn ẹ̀yà tó kéré. Kọ́ọ̀tù ní kò gbọdọ̀ sí nọ́ńbà, àmọ́ wọ́n lè wo àwọ̀ ọmọ mọ́ nǹkan míì tí wọ́n ń wò. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "diversity" ti rìn jáde, pé tí oríṣiríṣi èèyàn bá pé sí kíláàsì, gbogbo kíláàsì ló máa jàǹfààní ẹ̀. Harvard àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lo ìyẹn títí di June 2023 tí kọ́ọ̀tù yẹn náà ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n má wo àwọ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ṣì lè kọ ọ́ sínú essay ẹ̀ bí àwọ̀ ẹ̀ ṣe kan ayé ẹ̀. Ẹjọ́ yẹn ò sì ní kí wọ́n má ṣojúure sí ọmọ ẹni tí bàbá ẹ̀ ti ka Harvard rí. Àwọn náà mọ ìlú bàbá.

Ti Texas ló wù mí. Kọ́ọ̀tù kan ti kọ́kọ́ dí wọn lọ́wọ́ láti wo àwọ̀ ní 1996, ni wọ́n bá ṣòfin ní 1997 pé ọmọ tó bá wà nínú mẹ́wàá tó ṣíwájú nínú ọgọ́rùn-ún ní sẹ́kọ́ńdìrì tiẹ̀, yunifásítì ìjọba gbọ́dọ̀ gbà á. Wọn ò bi í níbi tí bàbá ẹ̀ ti wá. Ẹni tó bá ṣe dáadáa ju àwọn tó jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà lọ, wọ́n gbà pé òun ló mọ̀wé. Ọmọ tó ya wọ University of Texas ní Austin pọ̀ débi tí wọ́n fi dín mẹ́wàá yẹn kù fún ibẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i pé tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é, àwọn tó ń ṣe first nílé ìwé abúlé wa máa rí ọ̀nà lọ, ọmọ Surulere á sì bá àwọn ará Surulere du tiẹ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún ìyá Ìyàmoyè, mo ní kó jẹ́ ká ṣe change of institution sí Federal University Lokoja, pé Kogi jẹ́ catchment níbẹ̀. Ó ronú títí. Ó ní ṣé a ò kúkú lè kọ Èkìtì, torí Òmùò ni wọ́n ti bí òun. Mo ní rárá mà, ìlú bàbá ọmọ ni wọ́n máa wò.

Ó ní, "Bàbá ẹ̀ tí ò san owó lẹ́sìn kan rí?"