Ẹnì kan gba ẹ̀mí ara rẹ̀: kí la lè sọ, kí ni ká má sọ?

Bí a bá ń sọ ọ́ káàkiri, ṣé kò ní ran ẹlòmíì?

Ó lè ràn án o, àmọ́ ọwọ́ bí a ṣe sọ ọ́ ló wà. Ní ìlú Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, ọdún 1978 ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀mí ara wọn níbẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì ń gbé e jáde gàdàgbà tàwòrán-tàwòrán, bí ẹni ń ròyìn bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1987, àwọn onímọ̀ gbé ìlànà fún àwọn oníròyìn: ẹ má gbé e sójú ewé àkọ́kọ́, ẹ má ṣàlàyé bó ṣe ṣe é, ẹ má ní ìdí kan ṣoṣo ló fà á. Àwọn oníròyìn gbà. Láàárín oṣù díẹ̀, iye náà já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọkọ̀ ń rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Ìròyìn ló yí padà.

Kí wá ni ká yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa?

Ohun tó fi ṣe é, ibi tó ti ṣe é, fídíò, lẹ́tà tó kọ sílẹ̀. Ẹ yọ "ọ̀rẹ́kùnrin já a sílẹ̀ ló fà á" náà kúrò, torí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, gbèsè, àìsàn àti ọtí lè ti wọnú ara wọn. Èmi á fi òwe kan kún un: "Ikú yá ju ẹ̀sín." Ó dùn lẹ́nu àgbà, àmọ́ ẹ gbé e jù sílé lọ́jọ́ tí ìtìjú bá bo èèyàn mọ́lẹ̀.

Bí mo bá bi ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù tààrà bóyá ó ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣé mi ò ní fi sí i lọ́kàn?

Rárá. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ rí i pé ìbéèrè kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn; ara lè tilẹ̀ tu ẹni tó ti ń dá a rò. Ká ní ẹnì kan kọ ọ́ lóru sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọléèwé àtijọ́ pé: "Ó ti sú mi. Ẹ bá mi mójú tó àwọn ọmọ." Kílẹ̀ tó mọ́, àmì ọwọ́ àdúrà ti kún ibẹ̀. "Ọlọ́run ò ní jẹ́." "Má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni." Ẹnì kan á tún fi ìpolówó ilẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó pè é!

Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni kó pè é lójú ẹsẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara yín ni?" Kó wá dákẹ́, kó gbọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má fi òun nìkan sílẹ̀, kí wọ́n kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n lè máa gbàdúrà nínú mọ́tò.

Ṣé ọlọ́pàá ò ní mú un?

Ìbẹ̀rù yìí ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà láti ayé òyìnbó ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni fún ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀. Òfin Èkó ti ọdún 2011 sàn jù ú lọ: ilé ìwòsàn ló ní kí ilé ẹjọ́ fi í ránṣẹ́ sí. Nítorí náà, ẹ má gbé orúkọ onítọ̀hún síta.

Nọ́ńbà wo la lè pè?

Ní Nàìjíríà, 112 fún pàjáwìrì. Ní Britain, 116 123 ti àwọn Samaritans, ẹgbẹ́ tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ayé sú. Ní Amẹ́ríkà, 988. Kí alábòójútó ẹgbẹ́ WhatsApp yín kọ wọ́n sókè pátápátá, lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́.