Kí ni tie rod end? Oríkèé tó ń darí táyà Ìjàpá

Ẹni tó bá ti wa Volkswagen Ìjàpá tó ti dàgbà mọ bó ṣe máa ń rí: èèyàn á yí sítíárìn díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, ọkọ̀ ò ní mira. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n di síkúrúù orí àpótí sítíárìn mọ́ra, ìyẹn àpótí irin tó ń gbé yíyí sítíárìn lọ sí táyà. Èmi ò fara mọ́ ọn. Tie rod end ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lábẹ́ ọkọ̀ níwájú, ọ̀pá irin méjì ló wà láàárín àpótí sítíárìn àti táyà méjèèjì. Àwọn ni tie rod. Oríkèé tó wà ní ẹnu wọn ni tie rod end. Ẹ wo èjìká yín: orí egungun apá rí roboto, ó jókòó sínú ihò tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí apá fi ń lọ sókè sódò tí kì í yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni irin roboto kan ṣe jókòó sínú gíríìsì níbí, tí rọ́bà sì bò ó. Táyà lè bọ́ sí kòtò, kó tún máa yà, ọ̀pá ò ní ṣẹ́.

Rọ́bà yẹn ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Bó bá ti ya, omi òjò àti iyanrìn á wọlé, irin á máa họ irin, títí oríkèé á fi máa mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Bó bá yọ lórí eré, táyà kan á kọrí síbi tó wù ú. Ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ má ra tòkunbọ̀ eléyìí rárá. Ojú ò lè rí bí inú rẹ̀ ṣe jẹ tó.

Ẹ paná ẹ́ńjìnnì, kí táyà wà nílẹ̀, kí ẹnì kan máa mi sítíárìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹnì kejì gbọ́wọ́ lé oríkèé kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti jẹ á máa ta kì yín lọ́wọ́.

Yíyọ rẹ̀ gba sùúrù. Bí nọ́ọ̀tù bá tilẹ̀ ti kúrò, ìdí irin náà rí bí èèkàn, ó sì ti há. Ẹ fi pọ́là, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ irin tó há, tì í jáde, nítorí òòlù lè wọ́ apá irin tó dì í mú. Bí ẹ bá ń tú u kúrò lára ọ̀pá, ẹ ka iye ìgbà tó yí, kí ẹ sì yí tuntun wọlé níye kan náà. Gígùn ọ̀pá yẹn ló ń sọ ibi tí táyà kọjú sí. Bó bá yàtọ̀ díẹ̀, táyà á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Síbẹ̀, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe alignment, ìyẹn àwọn tó ń tún ibi tí táyà kọjú sí tò.

Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún títì ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ìjàpá tó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn, tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, ọ̀tún náà ni ọ̀pá kúkúrú rẹ̀ wà, tí gígùn wà lósì. Òdì-kejì rẹ̀ ni ti àwọn tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, láti ọdún 1975. Ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ tí sítíárìn yín wà fún ẹni tó ń ta pátì kí ẹ tó sanwó.

Bí ẹ bá ṣì ń yí sítíárìn tí ọkọ̀ ò mira lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wá di síkúrúù àpótí yẹn, díẹ̀díẹ̀. Bí sítíárìn ò bá padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ yà ní kọ́nà, ẹ ti dì í jù.