Ọta ìbọn lè rin kìlómítà 3: kí ló dé tí àwọn sójà fi ń jà ní mítà 300?

Àbúrò mi kan tó fẹ́ràn ìtàn ogun ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó rí àwòrán ìbọn Mauser tí àwọn sójà Jámánì gbé lọ sí Ogun Àgbáyé Kìíní, ó fẹ àwòrán náà títí tó fi rí nọ́ńbà tí wọ́n fín sára irin ìfojúsùn rẹ̀ kà. 400 ló bẹ̀rẹ̀, 2000 ló parí sí, mítà sì ni gbogbo rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò mí nìyẹn. Mo to àwọn ìbéèrè náà síbí bó ṣe bi wọ́n, pẹ̀lú èsì tí mo fún un.

Ẹ̀gbọ́n, ta ló lè rí ènìyàn ní kìlómítà 2 débi tí á fi yìnbọn lù ú? Ṣé irọ́ ni nọ́ńbà yẹn ni?

Kì í ṣe irọ́. Ọta náà ń débẹ̀, ó sì lè pa ẹni tó bá bá níbẹ̀. Kò kàn sẹ́ni tó ní kí sójà fi nọ́ńbà yẹn wá ẹnì kan ṣoṣo ni. Ní 1886, Faransé gbé ìbọn Lebel jáde, tó ń lo ẹ̀tù tí kì í rú èéfín bíi ti àtijọ́. Ẹ̀tù tuntun náà lágbára fíìfíì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù sì sáré ṣe irú rẹ̀. Èrò àwọn ọ̀gá ogun ìgbà náà ni pé bí wọ́n bá rí ọ̀wọ́ ọ̀tá tó ń bọ̀ lókèèrè, tàbí àwọn ẹlẹ́ṣin, ọ̀gá á pe iye mítà, ọgọ́rùn-ún sójà á sún irin ìfojúsùn wọn sí nọ́ńbà kan náà, wọ́n á sì yìn ín pa pọ̀. Ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń yìn ín sí. Ẹni tí òjò ọta bá bá níbẹ̀, ó bá a nìyẹn.

Lee-Enfield ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ní irin ìfojúsùn kejì lápá òsì igi rẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí nìkan, nọ́ńbà rẹ̀ sì dé yáàdì 2,800. Ogun 1914 bẹ̀rẹ̀, àwọn sójà wọ inú yàrà, máṣìn-gọ́ọ̀nù kan ṣoṣo sì gba iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọgọ́rùn-ún ìbọn ṣe. Kí ogun tó parí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dẹ́kun fífi irin kejì yẹn sára ìbọn tuntun. Ti Mauser ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: nígbà tó jẹ́ pé 400 ni nọ́ńbà tó kéré jù lára rẹ̀, sójà inú yàrà tó bá rí ọ̀tá ní mítà 100 gbọ́dọ̀ fojú sun ìsàlẹ̀ ẹni náà kí ọta má baà gba orí rẹ̀ kọjá.

Bí wọ́n bá wá sọ pé ìbọn kan ń ṣiṣẹ́ dé mítà báyìí-báyìí, kí ni wọ́n ní lọ́kàn?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, torí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dà pọ̀. Wo M16A2 ti Amẹ́ríkà. Bí o bá gbé ẹnu rẹ̀ sókè dáadáa, ọta rẹ̀ lè já sílẹ̀ ní mítà 3,600. Ibi tó lè rìn dé nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀wọ́ ènìyàn tàbí ojú ilẹ̀ tó fẹ̀ ni wọ́n ń yìn, mítà 800 ni wọ́n kọ fún un. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, 550. M4 tó kúrú jù ú lọ, 600 àti 500. Nọ́ńbà ìkẹyìn yìí ló yẹ kéèyàn dì mú, síbẹ̀ òun náà ní “bí” tirẹ̀: bí sójà tí kì í ṣe àkàndá bá fara balẹ̀, tó sì mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ó lè retí pé nǹkan bí ìdajì ọta rẹ̀ á bá ohun tó tó ènìyàn. Orí pápá ìdánrawò nìyẹn o. Pápá ìdánrawò kì í yìnbọn padà.

Ìbọn tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń dí i lọ́wọ́?

Òòfà ilẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ọta AK-47 ń kúrò lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú eré bíi mítà 715 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Afẹ́fẹ́ ń dín eré náà kù, nítorí náà ó ń lo bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé mítà 300. Ju òkúta sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ: láàrín ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá yẹn, á ti jábọ́ ju mítà 1 lọ. Bí òkúta ṣe ń jábọ́ ni ọta náà ń jábọ́ bó ṣe ń sáré lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe irin ìfojúsùn lọ́nà tí ẹnu ìbọn á fi gbójú sókè díẹ̀, kí ẹni tó dì í mú tó mọ̀. Ọta á kọ́kọ́ gòkè ju ibi tí ojú ń wò lọ, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ padà.

Àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì dá ọgbọ́n kan síbí tó wù mí. Lára irin ìfojúsùn AK, yàtọ̀ sí nọ́ńbà, lẹ́tà П kan wà, lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà tó dà bí férémù ilẹ̀kùn. Sún irin sí П, fojú sun ìgbànú ọ̀tá, kí o sì yìn ín. Ì báà wà ní 50, ì báà wà ní 150, ì báà wà ní nǹkan bíi 300, ọta kò ní gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ débi tí á fi fo ara rẹ̀ dá. Sójà kò ní ìṣirò kankan láti ṣe.

Kọjá ibẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, torí eré ọta ti kú, ó sì ń já wálẹ̀ kíákíá. Bí o bá rò pé mítà 400 ni ọkùnrin kan wà, tó sì jẹ́ pé 500 ló wà, ọta AK rẹ á rẹlẹ̀ ju mítà 1 lọ. Ilẹ̀ ló máa bá. Wo igi tó jìnnà jù lọ tí o lè rí níbi tí o wà yìí, kí o sọ fún mi bóyá 400 ni àbí 500.

Ojú ni ìṣòro kejì. Irin tó dúró ṣánṣán níwájú M16 fẹ̀ tó ènìyàn tó bá dúró ní nǹkan bíi mítà 175. Ní 300, irin náà ti fẹ̀ ju ènìyàn lọ, ó bo ẹni tí o fẹ́ yìn mọ́lẹ̀. Bí ẹni náà bá sì ń sáré kọjá, láàrín ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tí ọta wà lójú ọ̀nà, ó ti fi ibi tó wà sílẹ̀ ní mítà 2. A ò tí ì sọ ti èémí tó ń gbé èjìká sókè sódò, tàbí òógùn tó wọ ojú, tàbí ti pé ẹlòmíràn ń yìn ín sí ìwọ náà.

Ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ jókòó wádìí rẹ̀, àbí ohun tí àwọn sójà ń sọ lẹ́nu lásán ni?

Wọ́n wádìí rẹ̀. Ní 1952, Norman Hitchman kọ ìjábọ̀ kan ní Operations Research Office, ilé iṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ Yunifásítì Johns Hopkins tó ń bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìjà ìbọn kì í sábà kọjá yáàdì 300, torí pé kọjá ibẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ènìyàn: òkè dínà, igbó dínà, ilé dínà, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sì di orí nìkan. Láàrín yáàdì 100, ìbọn M1 ìgbà náà ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Láti 100 sí 300, iye ọta tó ń bá ènìyàn ń dín kù gan-an. Ọta tó kéré sí tiwọn ni ìjábọ̀ náà ní kí wọ́n wá.

Jámánì ti gba ọ̀nà yẹn ṣáájú. Wọ́n gé ọta 7.92 mm wọn kúrú, ẹ̀tù inú rẹ̀ dín kù, ìbọn tí wọ́n sì ṣe fún un ni StG 44. Àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì náà ṣe tiwọn. Amẹ́ríkà ló ṣe agídí: M14 ni wọ́n gbé lọ sí Vietnam, ìbọn gígùn tó ń jẹ ọta ńlá, kó tó di pé M16 rọ́pò rẹ̀. Ọta M14 kan wúwo tó méjì ti M16. Ẹni tó máa rù ú gun òkè ni kí o bi bóyá ìyẹn já mọ́ nǹkan.

Bí wọn kò bá rí ọ̀tá, kí ni wọ́n ń yìnbọn sí tó bẹ́ẹ̀?

Ibi tí wọ́n rò pé ó wà. Ó jọ ìnákúnàá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ìjà ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ wà. Àgbá ńlá àti mọ́tà ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìpalára ojú ìjà nínú ogun àgbáyé méjèèjì. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ìbọn ṣe jù ni kí ọ̀tá gbé ojú mọ́lẹ̀, kó má lè wo iwájú, kó má lè yìn, nígbà tí ẹlòmíràn ń sún mọ́ ọn. Ọta tó kọjá lẹ́bàá etí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Fojú inú wo sójà Gẹ̀ẹ́sì 8, iye tó ń wà nínú sẹ́kíṣọ̀n kan, tí wọ́n pín ara wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìbọn dún láti ẹ̀yìn ògiri kan níwájú, bíi mítà 200. Gbogbo wọn wolẹ̀. Mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín sí ògiri náà, kì í sì í ṣe wàràwàrà: ọta kan, ìdákẹ́ díẹ̀, ọta kan, tó fi jẹ́ pé ẹni ẹ̀yìn ògiri kò rí àyè yọjú. Wọ́n ń ṣọ́ ara wọn kí ọta má baà tán nínú ìbọn gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́rin yòókù dìde, wọ́n sáré. Eré náà kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 5 lọ, torí pé ìyẹn ló máa gba ọ̀tá láti rí ọ, kó gbé ìbọn lé èjìká, kó sì fojú sùn ọ́. Kó tó ṣe é tán, o ti wolẹ̀ padà. Ẹni tó wolẹ̀ kì í dìde níbi tó wolẹ̀ sí; á kọ́kọ́ fi àyà wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ẹnu ìbọn ti ń dúró dè é níbẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn tó sáré á bẹ̀rẹ̀ sí í yìn, tí àwọn tó ti ń yìn á dìde.

Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọn, ewu mìíràn yọjú: ọta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Bí wọ́n bá gba iwájú tààrà, àárín ọta àwọn tó ń gbè wọ́n lẹ́yìn ni wọ́n máa bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí gba ẹ̀gbẹ́, tí àwọn tó ń yìn sì ń sún ọta wọn kúrò bí àwọn tó ń sáré ṣe ń débẹ̀, títí ẹnì kan á fi ju bọ́ǹbù ọwọ́ sẹ́yìn ògiri. Mítà 200 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, mítà 20 ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Ìbọn tó dé kìlómítà 2 kò ní fi ohunkóhun kún un fún wọn. Ohun tó máa dùn wọ́n ni kí ọta tán lápò.

Kí ló wá dé tí Amẹ́ríkà tún ń padà sí ọta ńlá?

Afganísítànì ni. Lórí òkè àti àfonífojì ibẹ̀, ojú ń ríran jìnnà, àwọn Taliban sì ń fi máṣìn-gọ́ọ̀nù PKM yin àwọn sójà Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì láti ibi tí M4 àti SA80, ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò ti lè dá wọn lóhùn dáadáa. Amẹ́ríkà lọ gbé M14 jáde padà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ra ìbọn L129A1, ọta 7.62 mm, tó ní awò lórí, fún ẹni tó mọ ìbọn yìn jù nínú ẹgbẹ́. Ní 2022, Amẹ́ríkà yan ìbọn SIG Sauer tó ń jẹ ọta 6.8 mm láti rọ́pò M4 lọ́wọ́ àwọn tó ń jà níwájú. Ọta 20 ló ń wọ mágásíìnì rẹ̀, ti M4 jẹ́ 30, ó sì wúwo jù ú lọ.

Tèmi ni pé ọgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹn dára jù: kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ gbé èyí tó ń lọ jìnnà, kí àwọn yòókù gbé ọta púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ohun kan yí padà. Awò tuntun tí wọ́n ṣe fún ìbọn 6.8 mm yẹn ń fi iná lésà wọn bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ó sì ń ṣírò ibi tí ọta máa já sí fún ẹni tó ń yìn. Ọ̀rọ̀ igi tí o kò mọ̀ bóyá ó wà ní 400 tàbí 500, ó yanjú ìyẹn. Ẹni tó fara pa mọ́ sẹ́yìn ògiri, kò rí i.

Àwọn tó ń pa ènìyàn ní kìlómítà 2 ńkọ́?

Iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀. Snáípà kan tó jẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Craig Harrison, yin ọ̀tá ní mítà 2,475 ní Afganísítànì ní 2009. Ìbọn ńlá ló lò, ó ní awò, ó ní ẹnì kejì tó ń bá a wòye, ó sì kọ́kọ́ yin ọta mélòó kan láti fi mọ ọ̀nà. Sójà tó ń sáré láàrín ìṣẹ́jú-àáyá 5 kò ní ìkankan nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí gbogbo wọn ti mọ èyí, kí ló dé tí wọn kò pa nọ́ńbà gígùn yẹn rẹ́ lára ìbọn?

Bóyá ojú ló ń tì wọ́n láti gbé ìbọn tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ju ti ọ̀tá lọ. Kar98k tí àwọn Jámánì fi parí ogun ní 1945, 2000 ṣì wà lára rẹ̀. AK-47 àkọ́kọ́ dé 800. Nígbà tí àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì tún un ṣe di AKM ní 1959, nọ́ńbà náà gòkè di 1000, bẹ́ẹ̀ ìwé ìkọ́ni tí wọ́n fi lé sójà lọ́wọ́ sọ pé mítà 400 sísàlẹ̀ ni yíyìn rẹ̀ ti ń dára jù.