Bí Texas Bá Pa Àkọsílẹ̀ Ẹ̀sùn Rẹ́, Ta Ni Kò Ní Gbàgbé Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọlọ́pàá mú àbúrò mi ní Houston. Kóòtù ti fagi lé ẹjọ́ náà, síbẹ̀ ibikíbi tí ó bá ti wá iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bi í pé kí ni ó ṣe tí wọ́n fi mú un. Ṣé àbàwọ́n yìí kò ní kúrò ni?

Ìdáhùn: Ó lè kúrò, ṣùgbọ́n fífagi lé ẹjọ́ nìkan kò tó láti mú un kúrò. Láti ọjọ́ tí ọlọ́pàá ti mú un ni fọ́tò rẹ̀, ìtẹ̀ka rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ ti wọ inú ìwé ọlọ́pàá, ti kóòtù àti ti iléeṣẹ́ ààbò ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DPS. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí kóòtù lábẹ́ Orí 55A nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn Texas, èyí tí í ṣe Orí 55 kí ọdún 2025 tó wọlé. Expunction ni wọ́n ń pe ìparẹ́ náà níbẹ̀. Kí lọ́yà rẹ̀ rí i dájú pé òun dárúkọ gbogbo ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ náà kàn, títí dé ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ó sùn mọ́jú, nítorí pé èyí tí wọ́n bá gbàgbé láti dárúkọ lè máa tọ́jú tirẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti mú rí ló tọ́ sí?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀nà là jù fún ẹni tí kóòtù dá láre àti ẹni tí gómìnà dárí jì. Ẹni tí wọ́n mú, tí wọn kò sì gbé ẹ̀sùn rẹ̀ dé kóòtù, yóò dúró fún ọjọ́ 180 bí ọ̀ràn náà bá jẹ́ Class C, tí í ṣe èyí tó kéré jù. Ọdún 1 fún Class A tàbí B, tí ó wúwo ju Class C lọ, àti ọdún 3 fún felony, tí í ṣe ọ̀ràn ńlá. Bí wọ́n bá gbé e dé kóòtù kí wọ́n tó fagi lé e, adájọ́ yóò fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ní deferred adjudication ni. Ó gbà pé òun jẹ̀bi Class B, wọ́n ṣọ́ ọ fún ọdún kan, wọ́n sì fagi lé e.

Ìdáhùn: Háà, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Irú ìfagilé yìí kì í mú ènìyàn dé ibi ìparẹ́, àfi tí ọ̀ràn náà bá jẹ́ Class C. Ohun tí ó lè tọrọ ni àṣẹ tí wọ́n ń pè ní nondisclosure, èyí tí ó ń bo àkọsílẹ̀ mọ́lẹ̀ kí onílé àti ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ má baà rí i. Kò pa á run. Ọlọ́pàá yóò ṣì máa rí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ, èyí tí ó yẹ kí àwọn ènìyàn wa fiyè sí gidigidi, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá.

Ìbéèrè: Green card ló ní. Bí wọ́n bá bò ó mọ́lẹ̀, ṣé ó lè sọ fún USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, pé wọn kò mú òun rí?

Ìdáhùn: Kí ó má ṣe dán an wò. Òfin ìpínlẹ̀ kò de ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Fọ́ọ̀mù N-400, tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ láti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń béèrè nípa gbogbo ìgbà tí wọ́n ti mú ènìyàn, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ti pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Irọ́ tí ó bá pa níbẹ̀ sì lè bà á jẹ́ ju ẹ̀sùn àtijọ́ lọ. Òfin ọdún 1996 tún sọ pé bí ènìyàn bá ti gbà pé òun jẹ̀bi, tí adájọ́ sì fi ìyà tàbí ìkálọ́wọ́kò kan lé e lórí, ẹni tí a dá lẹ́bi ni lójú àwọn aláṣẹ ìwọ̀lú, ohun yòówù kí Texas pè é. Nítorí náà, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà han lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú kí ó tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan. Kí ó sì gba ẹ̀dà ìwé ẹjọ́ tí kóòtù lù lóǹtẹ̀ báyìí, nítorí USCIS yóò béèrè rẹ̀, àti pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bo àkọsílẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lè gba wàhálà kí ó tó tún rí ẹ̀dà gbà.