Yíyan àga onítáyà àfọwọ́tì

Àga onítáyà àfọwọ́tì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní wíìṣíà, ni àga tí ẹni tí kò lè rìn, tàbí tí kò lè rìn jìnnà, fi ń lọ síbi tó ń lọ. Òun fúnra rẹ̀ lè máa fọwọ́ yí i, ẹlòmíì sì lè máa tì í láti ẹ̀yìn. Ohun mẹ́ta ló ń forí gbárí nígbà tí a bá fẹ́ rà á: ìwúwo, àlòpẹ́ àti owó. Èyí tó fúyẹ́ tó sì le máa ń wọ́n. Èyí tó le tí kò sì wọ́n kì í fúyẹ́. Ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan tún wà tó yẹ kó ṣáájú: bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe ládùúgbò?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní irin méjì tó dábùú ara wọn lábẹ́ ìjókòó, ó sì ṣeé ká pọ̀. Herbert Everest, tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kán nínú ìjàǹbá ibi ìwakùsà, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Harry Jennings ló ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1933.

Wíwọn ara

Ara ni a ń kọ́kọ́ wọ̀n, tépù télọ̀ sì tó o wọ̀n. Kí ẹni náà jókòó sórí àga líle, kí ìdí rẹ̀ kan ẹ̀yìn àga. A ó wọn ìbàdí níbi tó ti fẹ̀ jù, a ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 kún un: ìbú ìjókòó nìyẹn. A ó wọ̀n láti ẹ̀yìn ìdí dé kọ́lọ́fín orúnkún, a ó yọ sẹ̀ǹtímítà 5 kúrò: ìyẹn ni bí ìjókòó yóò ṣe jìn tó. Ibi ìgbẹ́sẹ̀lé gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 5 ga ju ilẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkúta àti bọ́m̀pù yóò máa kọ́ ọ.

Àga tí ìbú ìjókòó rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 18 (sẹ̀ǹtímítà 46) ni ọjà kún fún. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36 yóò máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀, yóò na apá jù kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan òrùka tí a fi ń yí táyà, èjìká ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Bí ìjókòó bá jìn jù, etí rẹ̀ yóò máa ha ẹ̀yìn orúnkún; ẹni náà yóò wá máa yọ̀ síwájú títí yóò fi máa fi egungun ìdí jókòó. Àga irin oní-íǹṣì 18 sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 65 láti òrùka dé òrùka, nítorí náà kí a wọn ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ kí a tó sanwó. Àwọn onífísíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá àti ìwọ́ra tọ́jú ara, mọ ìwọ̀n yìí dáadáa. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà láti 1966.

Tìmùtìmù wà lára owó àga, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Awọ ìjókòó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tí ìdí rẹ̀ kò mọ ìrora mọ́ kò ní mọ̀ títí egbò yóò fi dá sí i, irú egbò bẹ́ẹ̀ sì ń jìn dé egungun. Bí a bá fi ọwọ́ tẹ fóòmù tí ìka kan ìsàlẹ̀, kò tó. Bí ó bá sì tó náà, kí ẹni náà máa gbé ìdí sókè ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 30.

Ìwúwo

Àga irin máa ń wọn kílò 16 sí 20. Ti alumíníọ́mù tó ṣeé ká, 11 sí 15. Ti títáníọ́mù tàbí kábọ́ọ̀nù tí kì í ká kì í sábà tó 10.

Ọ̀pọ̀ rò pé àga tó fúyẹ́ rọrùn gan-an láti tì. Ẹni tó wọn kílò 70 lórí àga kílò 20 jẹ́ 90. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń ga ní 1 fún 12, ó ní láti fi agbára bíi kílò 7.5 ta ko òkè náà. Bí àga bá jẹ́ kílò 12, yóò jẹ́ bíi 6.8. Ìyàtọ̀ náà kò tó kílò kan, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti rọ̀ lè gbà á padà. Ibi tí ìwúwo ti ń dunni ni ìgbà tí a bá ń gbé àga: àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gọ́tà tí kò ní afárá, takisí. Micra ni ọ̀pọ̀ takisí Ìbàdàn, búùtù rẹ̀ kò sì gbòòrò. Àga tí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé àti táyà ńlá rẹ̀ ṣeé yọ láìlo sípánà níye lórí ju èyí tó kàn fúyẹ́ lọ.

Ibi tí táyà ńlá wà náà ṣe pàtàkì. Bí a bá sún un síwájú díẹ̀, ẹrù á kúrò lórí táyà kékeré iwájú, títì á sì rọrùn, ṣùgbọ́n àga lè ṣubú sẹ́yìn nígbà tí a bá ń gun òkè bíi ti Màpó. Fún ẹni tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀, sẹ́yìn ni a ń sún un.

Àlòpẹ́

Àga tí a ṣe fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kò ṣeé lò lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà eléruku. Táyà kékeré oní-íǹṣì 5 máa ń rì sínú iyanrìn, ó sì ń há sínú ihò. Íǹṣì 8 tó fẹ̀ sàn jù. Ralf Hotchkiss, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó ń lo àga fúnra rẹ̀, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àga fún ọ̀nà jágajàga: táyà iwájú fẹ̀, ó sì jìnnà síwájú. Ìdánwò ISO 7176-8, tí àjọ òṣùwọ̀n àgbáyé gbé kalẹ̀ láti mọ bí àga ṣe le tó, ń yí àga lórí irin rìbìtì nígbà 200,000, ó sì ń jù ú sílẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 5 nígbà 6,666. Ẹni tó ń tà á yẹ kó lè sọ bóyá ó gba ìdánwò náà.

Wẹ́dà àdúgbò lè jó irin tó ṣẹ́. Alumíníọ́mù kò rí bẹ́ẹ̀: ó nílò ẹ̀rọ ọ̀tọ̀, iná sì ń sọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó di aláìlágbára, tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ náà ló tún máa ṣẹ́. Títáníọ́mù tún ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Táyà tí kò gba afẹ́fẹ́ kì í jò, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń gbé gbogbo gbígbọ̀n ojú ọ̀nà wọ inú irin àga àti ẹ̀yìn ẹni tó jókòó. Onífọkanáísà lè lẹ táyà oní-túùbù. Bíréèkì ń fún táyà náà mọ́lẹ̀ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ti rọ̀, kò ní mú, àga yóò sì yọ̀ nígbà tí ẹni náà bá ń bọ́ sórí ibùsùn.

Owó àti tòkúnbọ̀

Tòkúnbọ̀ tó dára sábà máa ń sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a gbé e sókè, kí a yí táyà kọ̀ọ̀kan, kí a sì mì í sọ́tùn-ún sósì: bí ó bá ń mì, bíárìn ti jẹ. Kí a wo ihò bóòtì ní àárín irin tó dábùú ara wọn, àti ibi tí fọ́ọ̀kì iwájú ti wọ inú àga, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀là ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí a ka nọ́ńbà ara táyà pẹ̀lú. Táyà 24 x 1 3/8 tí a kọ 540 (ìbú rìmù ní mílímítà) sí lára kò wọ rìmù 507 ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń jẹ́ 24. Irin tó gba àárín táyà kọjá lè jẹ́ mílímítà 12 tàbí 12.7, bóòtì 12 nínú bíárìn 12.7 á máa mì, á sì jẹ bíárìn náà kíákíá. Kí a gbé bíárìn àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí a má fi ẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀.